Àgbọn, agbọ̀n, agbọ́n: bí a ṣe ṣètò ọjọ́ tí àwọn ọmọ fi ọ̀rọ̀ múra ní Àgbádárìgì

Ìlà mẹ́ta péré ni mo tẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí WhatsApp lálẹ́ Sọ́ńdè yẹn, nípa ọjọ́ èdè abínibí tí a fẹ́ ṣe nílé ìwé. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá rí níwájú orúkọ ọmọ yín ni kó fi múra, mo wá to orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi sísàlẹ̀, ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, pọ́ráímárì 3. Iná ò sí, fóònù mi ti fẹ́ kú, mi ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kankan, mo ṣáà ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni. Níwájú orúkọ ọmọ mẹ́ta mo kọ AGBON. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé Àgbádárìgì la wà, àgbọn ni wọ́n fi ń mọ̀ wá, kí ọmọ mẹ́ta dúró pa pọ̀ bí àgbọn mẹ́ta tó so sórí igi kan náà, ó máa dùn ún wò.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ náà tó pé, tí a ní kí wọ́n kó aṣọ wọn wá ká kọ́kọ́ wò ó, ọmọ àkọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú agbọ̀n gidi lọ́rùn, agbọ̀n tí wọ́n fi ń kó tòmátì, wọ́n ti gé ìdí ẹ̀ kúrò, wọ́n fi àǹkárá rán okùn méjì sí i tó gbé e kọ́ èjìká. Èkejì wọ síńgílẹ́ẹ̀tì dúdú, wọ́n lẹ téèpù aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ọn níkùn yíká-yíká, wọ́n fi wáyà hángà àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ṣe ìyẹ́ méjì sí i lẹ́yìn, tọwọ́-tọwọ́ ni wọ́n fi òwú dúdú rán etí nẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́ wáyà, mo wò ó, kò sí ibi tí òwú ti já. Ó ń kùn hùn-ùn-ùn lẹ́nu bó ṣe ń sáré ká kíláàsì. Agbọ́n ni. Ẹ̀kẹta nìkan ló wá bí àgbọn.

Kò sí èyí tó ṣi ọ̀rọ̀ kà nínú ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mo kọ ni wọ́n kà. Ìyá ọmọ tó wá bí agbọ́n ló dùn mí jù torí ó tẹ̀ lé ọmọ ẹ̀ wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín, ó rò pé mo máa yìn ín ni, nígbà tó rí ojú mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe agbọ́n lẹ kọ ni?" Alẹ́ méjì ló fi rán ìyẹ́ yẹn lẹ́yìn tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, kò sí ohun tí ọmọ ẹ̀ máa bọ́ sílẹ̀ nínú aṣọ yẹn.

Mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ torí ọ̀pọ̀ tíṣà ló máa ṣe irú ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ọ̀nà ti yọ̀ kí àwọn náà má baà gbabẹ̀ ṣubú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Gbogbo 21 Oṣù Kejì ni ayé ń ṣe ọjọ́ èdè abínibí, UNESCO ló kéde ẹ̀ lọ́dún 1999, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dún 2000, ọjọ́ náà sì jẹ́ ìrántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní 1952 ní Dhaka, tó jẹ́ olú ìlú Bangladesh lónìí, torí wọ́n ní kí ìjọba gba èdè Bengali láàyè. Àwa náà máa ń ṣe é nílé ìwé wa. Àmọ́ kí là ń ṣe? Ìró àti bùbá, fìlà, ìlẹ̀kẹ̀, ijó, fọ́tò, ìrẹsì, ó parí. Lọ́dún tó ṣáájú, mo bi ọmọ kan pé kí lorúkọ ohun tó wà lọ́rùn ẹ̀ yẹn ní Yorùbá, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tí ìyá ẹ̀ yá nílé ẹlòmíì, ọmọ náà wolẹ̀, ó ní "bíìdì." Ọjọ́ èdè abínibí lọmọ sọ bẹ́ẹ̀ o. Ó wọ Yorùbá sára, kò ní i lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi ní gbogbo ọdún náà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá ọ̀gá wa ní Oṣù Kìíní 2025, mo ní mà, lọ́tẹ̀ yìí ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wọ̀, kí aṣọ ẹ̀ jẹ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, kí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ máa bi í léèrè. Ọ̀gá gbà. Ọjọ́ Ẹtì ni 21 Oṣù Kejì bọ́ sí lọ́dún yẹn, ó ní ká ti parí kó tó di aago méjìlá kí àwọn ọmọ Mùsùlùmí lè ráyè lọ kí Jímọ́ọ̀.

Nínú ìpàdé àwa tíṣà, ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń kọ́ pọ́ráímárì 5 ní kí la fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe níbi tí ìdajì ọmọ ti ń sọ Ègùn nílé. Ìbéèrè gidi ni, mi ò fojú kéré ẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ọdún 1843 làwọn Mẹ́tọ́díìsì ṣí ilé ìwé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ìlú yìí náà ni. Ọdún 1843 yẹn kan náà ni wọ́n tẹ ìwé tí Àjàyí Crowther kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sí ní London, nígbà tó sì di 1845, ọkùnrin náà fúnra ẹ̀ wá gbé Àgbádárìgì níbí. Ilé ìwé àti kíkó ọ̀rọ̀ jọ, ẹgbẹ́ ni wọ́n nílùú yìí. Tó bá sì jẹ́ ti Ègùn, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó bá mọ orúkọ nǹkan ní Ègùn sọ ọ́ ní Ègùn lẹ́yìn tó bá sọ ọ́ ní Yorùbá, kò sí ẹni tó máa gba èkíní lọ́wọ́ ẹ̀ torí èkejì. Ẹ̀gbọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a máa lò ló gbà wá lásìkò jù. Ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ ò dáa rárá, mo ṣe bí ẹni tó ń ṣètò ìdánwò: òtítọ́, ìfaradà, ọ̀wọ̀, ìmọ̀. Báwo lọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe fẹ́ fi ìfaradà múra? Mo gé gbogbo ẹ̀ kúrò. Mo wá mú èyí tó rọrùn: ajá, bọ́ọ̀lù, ìwé, bàtà. Ìyẹn náà ò wúlò, ọmọ wo ni ò mọ bàtà? Àwọn tó wà láàárín la wá ń wá, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ti gbọ́ lẹ́nu màmá àgbà rí, tó sì jẹ́ pé tí o bá ní kó sọ nǹkan tó jẹ́ kò ní lè sọ ọ́, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun téèyàn lè fojú rí tàbí fara ṣe. Báyìí la ṣe rí ọlọ, odó, orógùn, àtùpà, àwọ̀n, àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi, òṣùmàrè, ìjì, ọyẹ́. Ọmọ tó ṣe ọyẹ́ wọ súwẹ́tà, ó fi àtíkè kun ojú àti ẹsẹ̀ funfun báláú, ètè ẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò ní láti ṣàlàyé ọyẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ohùn nìkan ló yà wọ́n, mo mọ̀ọ́mọ̀ kó wọn sí i. Igbá tí a fi ń bu omi àti igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Ọkọ̀ tó wà lórí ọ̀sà, ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń sọ. Èmi tí mo mọ̀ọ́mọ̀ kó wọn sí i yìí náà ni mo tún wá kọ ọ́ láìfi àmì sí i. Nígbà tí mo ń to ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé, mo fi àmì sí gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù ni mo ní àwọn òbí á ṣáà mọ̀ ọ́n. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ ọ́n? Nínú ìwé ìròyìn tàbí nínú ìtàn, ọ̀rọ̀ tó wà ṣáájú àti èyí tó wà lẹ́yìn á ràn ẹ́ lọ́wọ́, o máa mọ̀ pé àgbọn ni wọ́n ń wí torí wọ́n dárúkọ omi inú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dá dúró níwájú orúkọ ọmọ, kò ní ẹlẹ́rìí kankan àfi àmì orí ẹ̀.

Ẹjọ́ orúkọ tún wà, mi ò sì retí ẹ̀. Mo fún ọmọkùnrin kan ní ìgbín. Ìyá ẹ̀ pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ohùn ẹ̀ ò le, àmọ́ ó dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀: "Àǹtí, orúkọ ń ro ọmọ. Wọ́n ti ń sọ fún ọmọ mi nílé pé kò yára, tí ẹ bá wá pè é ní ìgbín níwájú gbogbo ilé ìwé, ìgbín náà ló máa jẹ́ títí táá fi jáde ìwé mẹ́wàá." Òótọ́ ló sọ. Mo yí i padà sí ìjì lójú ẹsẹ̀, ọmọ náà sì sáré bí ìjì lọ́jọ́ yẹn! Látìgbà náà mi ò tún sọ ọ́ pé ọmọ yín ni báyìí-báyìí. Mo ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ yín máa gbé wá ni. Tíṣà tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo "gbé wá" yẹn, ó gba èèyàn lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀, kí ẹ sì yọ ìgbín, ọ̀bọ, ọ̀lẹ àti àkísà kúrò nínú ìwé yín pátápátá.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ẹ̀ fi ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Kò tí ì pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn tí mo ti ń gbọ́ pé tẹ́lọ̀ kan ní ìgbèríko wa ń gba ₦15,000 láti rán òṣùmàrè. Màmá kan tó ń ta àgbọn ní ọjà Agbálátá, tó ní ọmọ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní "Àǹtí mi, tí ó bá jẹ́ owó ni, ẹ jẹ́ kí àwọn tèmi jókòó sílé lọ́jọ́ yẹn." Kò bínú, ó kàn ń sọ ohun tó lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe ni. Alẹ́ yẹn mi ò sùn dáadáa. Ọmọ tó yẹ kó kọ́ ọ̀rọ̀ máa jókòó sílé torí aṣọ, kí ni mo wá ṣe?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá ọ̀gá, a sì kọ ọ́ jáde pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ná ju ₦500 lọ, ẹni tí kò bá fẹ́ ná kọ́bọ̀ kó má ná an. Mo ní kí wọ́n kó páálí Indomie, ìwé ìròyìn àtijọ́, àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti gbọn dáadáa, àti ìbòrí ìrọ̀rí tó ti gbó wá sí kíláàsì. Ọ̀sán méjì la fi ṣe é, àwọn ọmọ fúnra wọn ló gé e, èmi àti àǹtí tó ń kọ́ pọ́ráímárì 2 se sítáàṣì tó nípọn dípò gọ́ọ̀mù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọwọ́ ọmọ ló ń kọ́ ọ. Ọmọ tó ń gé ọlọ láti ara páálí bi mí pé ṣé kò ní ọmọ ni, mo ní ó ní, ọmọ ọlọ ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n fi ń lọ ata lórí ẹ̀, ó ní kí n fún òun ní páálí kékeré kan sí i. Tó bá jẹ́ tẹ́lọ̀ ló rán an, ìbéèrè yẹn ò ní wáyé láé.

Màmá aláàgbọn yẹn ló kó èèpo àgbọn wá fún wa lápò kan, ọ̀fẹ́, ohun tí a fi bo páálí ọmọ tó gbé àgbọn wá nìyẹn. Nígbà tí a dán an wò, ó gún ọmọ lọ́rùn, ojú ibẹ̀ pọ́n. A fi ìbòrí ìrọ̀rí sí abẹ́ ẹ̀, ó dára. Ẹ máa dán aṣọ wò lára ọmọ fún ó kéré tán ìdajì wákàtí kí ọjọ́ tó pé, kó jókòó nínú ẹ̀, kó gbé ọwọ́ sókè, kó lọ tọ̀.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tó jẹ́ pé níbí nìkan ló ti lè ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló ní koríko. A gé koríko gbígbẹ, a so ó yí i ká látorí délẹ̀, ojú ẹ̀ nìkan ló ń yọ, a rò pé a ti ṣe bẹbẹ. Bàbá àgbà kan tó wá mú ọmọ-ọmọ ẹ̀ lọ́sàn-án dúró wò ó, ó pè mí, ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi, ṣé ẹ rí ohun tí ẹ gbé wọ ọmọdébìnrin yìí? Ẹni tó bá rí i lókèèrè, Zangbeto ló máa pè é." Ara mi bù máṣọ. Ẹni tó bá ń gbé Àgbádárìgì mọ̀ pé Zangbeto, eégún oníkoríko yẹn, kì í ṣe eré ìnàjú lásán lọ́wọ́ àwọn Ègùn, òun ló ń ṣọ́ ìlú lóru, aṣọ koríko yẹn sì ní àwọn tó ni ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, mo kúnlẹ̀. A tú gbogbo ẹ̀, a ya koríko sórí páálí pẹ̀lú ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ọmọ náà gbé e sáyà. Bàbá ò bínú rárá, ó tiẹ̀ sọ fún mi pé tí mo bá fẹ́ orúkọ àwọn nǹkan ní Ègùn, kí n wá bá òun.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ AGBON yẹn, mo tún gbogbo ìwé kọ. Mo lọ fi kíbọọ̀dù Yorùbá sórí fóònù mi, ó wà nínú Gboard lọ́fẹ̀ẹ́, tí o bá di lẹ́tà mú pẹ́ díẹ̀ àmì á yọ. Mo sì gba ohùn mi sílẹ̀ fún òbí kọ̀ọ̀kan, mo pe ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí àwọn òbí míì wà tí wọn ò kọ́ àmì ohùn nílé ìwé, tí wọ́n bá gbọ́ ọ ni wọ́n máa mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí n ti ṣe é bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni.

Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ńkọ́? Mi ò yí aṣọ ẹnikẹ́ni padà. Mo wá ọmọ kẹrin sí i, ọmọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ tí mo fún un ò wù ú, mo lẹ òwú funfun mọ́ ọn nísàlẹ̀ ẹnu bí irùngbọ̀n, mo ní ìwọ ni àgbọ̀n. Lọ́jọ́ náà, mo ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde pa pọ̀. Páálí kọ̀ọ̀kan wà láyà wọn, àmì ohùn ni a fi máákà pupa kọ. Ẹni àkọ́kọ́ na ọwọ́ sí èèpo ara ẹ̀, ó ní àgbọn, dò re. Ẹlẹ́ẹ̀kejì jan ọwọ́ mọ́ agbọ̀n tó gbé kọ́rùn, re dò. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta fò sókè pẹ̀lú ìyẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀, agbọ́n, re mí! Gbogbo àwọn ọmọ kéékèèké sá sẹ́yìn. Ọmọ kẹrin kàn fi ìka gún àgbọ̀n ara ẹ̀, dò dò, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ìyá agbọ́n wà níbẹ̀, ó ń fi fóònù gbà á sílẹ̀, ó ń nu ojú.

A ò ní kí ọmọ kankan jáde wá rìn lásán kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ lọ bá ọmọ márùn-ún, kó bi í pé "Kí lo gbé wá?", kó kọ ọ̀rọ̀ náà tàmì-tàmì, kó sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe lẹ́nu ẹni tó gbé e wá. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi àlọ́ dáhùn. Ọmọ gíga kan tó gbé orógùn wá ló gbayì jù, gbogbo ẹni tó bá lọ bá a ló ń sọ fún pé "Òkun ń hó yeè, ọ̀sà ń hó yeè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́," àwọn ọmọ tó jẹ́ pé òkun àti ọ̀sà wà lẹ́yìnkùlé wọn ń wò ó, wọ́n ń dárúkọ ẹja, wọ́n ń dárúkọ ọkọ̀, títí ọmọbìnrin Ègùn kan fi wo páálí gígùn tó wà lára ẹ̀ tó wá kígbe pé ohun tí wọ́n fi ń ro àmàlà ni, ó sọ orúkọ ẹ̀ ní Ègùn kó tó wá rántí pé orógùn ni. A kọ méjèèjì sí bọ́ọ̀dù.

Bàbá ọmọ tó gbé igbà wá jẹ́ agunpẹ, igbà tó ń lò gan-an ló yá wa, ó dúró tì í kó má baà sọnù. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ la parí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ mo bi wọ́n láìsọ tẹ́lẹ̀, láìsí aṣọ, láìsí páálí. Mo kọ agbon sójú bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìfi àmì sí i, mo ní kí wọ́n wá fi àmì sí i fún mi, kí wọ́n sì sọ èyí tó jẹ́. Àwọn tí kò lè ṣe é ò tó ọmọ márùn-ún. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ gbé fúnra ẹ̀, kò sí ẹni tó gbàgbé tiẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ lọ́dọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n ń da díẹ̀ rú, pàápàá ọkọ́ àti ọ̀kọ̀, nítorí náà lọ́dún tó ń bọ̀ mo máa jẹ́ kí wọ́n lọ bá ọmọ mẹ́ta péré dípò márùn-ún, kí wọ́n pẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo sì fẹ́ lọ bá bàbá àgbà yẹn nílé kí Oṣù Kìíní tó wọlé, kí ọ̀rọ̀ Ègùn wà lẹ́yìn páálí kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, a fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ lẹ́yìn kíláàsì, mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé kí ọmọ tó bá ní mú ọkọ́ kékeré wá. Ìyá agbọ́n ló kọ́kọ́ dáhùn, ohùn ló fi ránṣẹ́: "Àǹtí, mo rí àmì ẹ̀. Ọkọ́ ni. Mo ti pọ́n ọn fún un."